Àwọn Tí Olùdíje Ń Pè Lórí Fóònù

Mo ti pinnu láti díje fún ipò káńsẹ́lọ̀ nínú ìdìbò ìgbìmọ̀ ìlú tó ń bọ̀, ohun méjì ni mo sì ń gbé lọ síwájú àwọn olùdìbò: àtúnṣe sí ọ̀nà tí owó ń gbà wọ inú ìpolongo ìbò, àti ìdọ́gba láàárín àwọn ará ìlú. Láti ìgbà tí mo ti sọ ọ́ síta ni àwọn tó fẹ́ràn mi ti ń béèrè ìdí tí n kò fi mú ọ̀kan kí n sì fi èkejì sílẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ owó ìpolongo kò kan ẹnikẹ́ni ju àwọn amòfin àti àwọn akọ̀ròyìn lọ, pé ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò kò ráyè irú rẹ̀. Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ ìdọ́gba ti di ohun tí gbogbo olùdíje ń fẹnu lásán sọ, débi pé etí àwọn ènìyàn ti di sí i. Ó yẹ kí n dá wọn lóhùn dáadáa, nítorí pé lójú tèmi ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì, ẹni tó bá sì ya ọ̀kan kúrò lára èkejì kò ní lè yanjú ìkankan nínú wọn.

Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ni mo ti kọ́kọ́ rí bí wọ́n ṣe so kọ́ra. Òun ló ń du irú ipò yìí nígbà náà, iṣẹ́ tí wọ́n sì fi lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n máa jókòó tì í nígbà tó bá ń pe àwọn ènìyàn lórí fóònù láti tọrọ owó ìtìlẹ́yìn. Ẹni tí kò bá tíì bá wọn ṣe ìpolongo rí lè rò pé ibi ìpàdé àti ẹnu ọ̀nà àwọn olùdìbò ni olùdíje ti ń lo ọjọ́ rẹ̀. Rárá o. Inú yàrá kékeré kan ló ń wà, pẹ̀lú fóònù àti ìwé kan tí wọ́n fa ìlà sí. Ní apá òsì ìwé náà ni orúkọ ẹni tí a fẹ́ pè wà. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló tẹ̀lé e. Lẹ́yìn èyí ni iye tó ti fi ran olùdíje mìíràn lọ́wọ́ rí. Iye tí àwa fẹ́ béèrè wà ní apá ọ̀tún, àyè kékeré kan sì wà ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan tí mo máa ń kọ ìdáhùn ẹni náà sí. Mo ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀: agbaṣẹ́ṣe, agbẹjọ́rò, ẹni tó ń ra ilẹ̀ tó sì ń tún un tà, dókítà tó ní ilé ìwòsàn tirẹ̀. Kò sí olùkọ́ níbẹ̀, kò sí awakọ̀, kò sí obìnrin tó ń lọ láti ilé arúgbó kan sí òmíràn láti tọ́jú wọn fún owó oṣù. Kò sí ẹni tó fi ìkórìíra yọ orúkọ wọn kúrò. Inú àkọsílẹ̀ àwọn tó ti dáwó rí ni wọ́n ti ṣa orúkọ jọ, ẹni tí kò bá sì dáwó rí kò lè sí níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kì í ṣe oníwà ìbàjẹ́, n kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó pè béèrè ohun àìtọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rọrùn ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá gbé fóònù kì í ṣàdédé dáhùn pé òun yóò fi owó sílẹ̀ tàbí òun kò ní fi sílẹ̀. Á kọ́kọ́ sọ ohun tó ń dùn ún. Ẹnì kan ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé ń pẹ́ jù lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Ẹlòmíràn ní owó orí ilé ti wọ́n kọjá ààlà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹlòmíràn tún padà sórí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ. Ní ọjọ́ kan tí mo wo ìparí àwọn ìlà tí mo ti ń kọ ìdáhùn sí, ohun kan náà ló kún ibẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: ìwé àṣẹ, ìwé àṣẹ, ìwé àṣẹ. Nígbà tí a fi máa jáde lọ bá àwọn ará àdúgbò, ọ̀rẹ́ mi ti ń sọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ìkọ́lé bí ẹni pé òun ni àìsàn tó ń ṣe gbogbo ìlú, tọkàntọkàn ló sì fi ń sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbọ́ ọ kò ní ilẹ̀ kankan tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé sí. Àwọn àgbà ní bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí mo ń wí yìí, ẹnu kò tíì jẹ ohunkóhun. Etí nìkan ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ irú ènìyàn kan ṣoṣo fún ìgbà pípẹ́, ìyẹn náà sì ti tó láti yí ọkàn ènìyàn padà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé àwọn tó rò pé torí rìbá nìkan ni a ṣe ń fẹ́ àtúnṣe owó ìpolongo kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. A lè mú gbogbo ẹni tó ń gba rìbá sẹ́wọ̀n lónìí, kí ìgbìmọ̀ ìlú sì máa gbọ́ ohùn àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan bákan náà lọ́la, láìsí ẹnikẹ́ni tó rú òfin kankan.

Ìgbìmọ̀ ìlú sì ni irú nǹkan yìí ti burú jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdìbò ààrẹ ni àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn máa ń gbé kiri. Ìgbìmọ̀ ló ń pinnu ohun tí a lè kọ́ sórí ilẹ̀ kan, ẹni tí yóò tún ọ̀nà ṣe, ẹni tí yóò máa kó ìdọ̀tí, àti iye tí onílé yóò máa san. Owó ńlá wà nínú àwọn ìpinnu wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ni iye àwọn tó ń jáde dìbò kéré, tí owó tó lè gbé káńsẹ́lọ̀ kan wọlé kò sì tó nǹkan lójú ilé iṣẹ́ tó ń wá iṣẹ́ ọ̀nà. Ní ìlú Montréal, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí adájọ́ France Charbonneau darí láti 2011 títí di 2015 tú àṣírí bí àwọn ilé iṣẹ́ ìkọ́lé kan ṣe ń pín iṣẹ́ ìlú láàárín ara wọn, tí wọ́n ń bu owó lé e, tí apá kan nínú èrè náà sì ń gba ẹ̀yìn lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú. Méyọ̀ Gérald Tremblay fipò sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2012 bí ìwádìí náà ti ń lọ lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Láti 1977 ni òfin Québec, ìpínlẹ̀ tí Montréal wà, ti sọ pé ilé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dáwó fún ẹgbẹ́ òṣèlú. Ní 2013, wọ́n dín iye tí ẹnì kan lè fún ẹgbẹ́ kan lọ́dún nínú òṣèlú ìpínlẹ̀ náà kù sí 100 dọ́là péré, àfi ọdún ìdìbò tí ó lè fi 100 mìíràn kún un. Mo fẹ́ràn òfin yẹn púpọ̀. Kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kò sì pe ọlọ́rọ̀ ní olè. Ó kàn sọ owó wọn di iye tí kò lè dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn tí a ń gbọ́ lóde òní ti wá. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Buckley v. Valeo, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ níbẹ̀ gbà pé òfin lè fi ààlà sí iye tí ẹnì kan lè fún olùdíje, ṣùgbọ́n ó ní òfin kò lè fi ààlà sí iye tí olùdíje lè ná, nítorí pé níná owó láti bá ará ìlú sọ̀rọ̀ wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀. Ẹ wo ohun tó ti inú ìdájọ́ yìí jáde: òfin di ọwọ́ ẹni tó fẹ́ fi owó ran olùdíje lọ́wọ́, ó sì tú ọwọ́ olùdíje tó ní owó tirẹ̀ sílẹ̀. Michael Bloomberg ná owó tó lé ní 70 mílíọ̀nù dọ́là láti inú àpò ara rẹ̀ láti di Méyọ̀ New York ní 2001, ó sì ná èyí tó lé ní 100 mílíọ̀nù ní 2009. Bóyá ó ṣe Méyọ̀ rere tàbí kò ṣe é kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ènìyàn mélòó ní ìlú tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ń gbé ló lè ronú irú rẹ̀? Nígbà tó di 2010, ìdájọ́ ilé ẹjọ́ yẹn nínú ẹjọ́ Citizens United tún ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láti ná iye tó bá wù wọ́n láti fi gbè sẹ́yìn olùdíje, níwọ̀n bí wọn kò bá ti bá a gbìmọ̀ pọ̀.

Èyí dé ìgbìmọ̀ ìlú náà. Nínú ìdìbò ìgbìmọ̀ ìlú Seattle ní 2019, Amazon, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fi owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ kan tó ń gbè sẹ́yìn àwọn olùdíje tí ilé iṣẹ́ náà fẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùdíje náà ló fìdí rẹmi. Àwọn kan ń fi èyí ṣe ẹ̀rí pé owó kò lè ra ìbò, nítorí náà kí a fi owó sílẹ̀ bó ṣe wà. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó yẹn ló gba ẹnu gbogbo ènìyàn lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìdìbò, nígbà tó yẹ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí kò rí ilé gbé. Ẹni tó bá sì lè yan ohun tí gbogbo ìlú yóò máa jiyàn lé lórí ti rí nǹkan kan rà, ì báà jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ kò wọlé.

Àwọn tó ń fẹ́ àtúnṣe máa ń sáré lọ sídìí ààlà lákọ̀ọ́kọ́, pé kí òfin sọ iye tí olùdíje kò gbọdọ̀ ná kọjá. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe é láti 1883, nígbà tí òfin kan tí wọ́n ṣe lòdì sí rìbá àti ìwà màgòmágó nínú ìdìbò fi ààlà sí iye tí olùdíje fún ilé aṣòfin lè ná. Owó tí wọ́n ń ná sí ìbò wálẹ̀ gan-an lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀, títí di 1911 ni àwọn ọmọ ilé aṣòfin náà fi ń ṣiṣẹ́ láìgba owó oṣù, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san 400 pọ́ùn fún wọn lọ́dún. Òfin 1883 sọ ibi tí olówó gbọdọ̀ dúró sí. Kò sọ ohun tí òṣìṣẹ́ yóò jẹ ní gbogbo ọjọ́ tó bá fi jókòó nílé aṣòfin. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló wà láàárín méjèèjì. Òfin ìdìbò tí Nàìjíríà ṣe ní 2022 náà ní irú àlàfo bẹ́ẹ̀ nínú: ó ní olùdíje fún ipò káńsẹ́lọ̀ kò gbọdọ̀ ná ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, ó sì tún ní ẹnì kan ṣoṣo lè fi tó mílíọ̀nù 50 náírà ta olùdíje lọ́rẹ. Ẹ fi èkíní wé èkejì. Lábẹ́ òfin yẹn, ẹni tó bá ní owó lọ́wọ́ lè san gbogbo ìnáwó olùdíje kan tán pátápátá, kó má sì tíì sún mọ́ ààlà tí òfin là kalẹ̀ fún un.

Ohun tí mo ń wá ni ètò tí yóò sọ owó kékeré di owó ńlá, kí olùdíje lè jáde kúrò nínú yàrá fóònù. New York ti ń ṣe é láti 1988. Ní ìbẹ̀rẹ̀, dọ́là kan ni àpò ìlú ń fi ti dọ́là kan lẹ́yìn. Lẹ́yìn tí àwọn olùdìbò fọwọ́ sí àtúnṣe ní 2018, ó di dọ́là mẹ́jọ sí ọ̀kan. Bí ará ìlú bá fún olùdíje ìgbìmọ̀ ìlú ní 10 dọ́là, ìlú á fi 80 kún un. Dọ́là 175 àkọ́kọ́ tí ẹnì kan bá dá nìkan ni ìlú ń fi owó tì lẹ́yìn, nítorí náà 1,400 dọ́là ni owó ìlú tí ó lè ti ọwọ́ ẹnì kan wá. Kì í ṣe ọ̀fẹ́: olùdíje gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ènìyàn 75 tí wọ́n ń gbé ní agbègbè tó fẹ́ ṣojú fún kí wọ́n dáwó fún un, owó tó kó jọ sì gbọ́dọ̀ tó 5,000 dọ́là, lẹ́yìn náà á fara mọ́ ààlà sí ohun tí yóò ná. Ní ti àwọn tó ń bá ìlú dòwò pọ̀, 250 dọ́là ni òpin ohun tí wọ́n lè fún olùdíje ìgbìmọ̀, ìlú kì í sì í fi kọ́bọ̀ tì í lẹ́yìn.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gba owó náà kò ju ìwé pélébé lọ. Ẹni tó ń dáwó á kọ orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe àti ẹni tó gbà á síṣẹ́. Á kọ iye tó fi sílẹ̀. Á sì fọwọ́ sí i pé owó òun ni, pé ẹnikẹ́ni kò ní dá a padà fún òun. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka bí ètò yìí ṣe ń lọ, ìwé onílà ti ọ̀rẹ́ mi ló sọ sí mi lọ́kàn. Ogún obìnrin tó ń tọ́jú arúgbó, tí wọ́n bá jókòó yí olùdíje ká ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì fi 10 dọ́là sílẹ̀, ti di 1,800 dọ́là, bẹ́ẹ̀ ni 250 dọ́là ti agbaṣẹ́ṣe kò kúrò ní 250. Olùdíje tó bá mọ ìṣirò yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin náà, kì báà tilẹ̀ fẹ́ràn wọn, yóò sì jókòó gbọ́ ohun tó ń dùn wọ́n. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n òfin ló gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọwọ́ kékeré wúlò nínú àgbájọ náà.

Seattle tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn olùdìbò ìlú náà fọwọ́ sí i ní 2015 pé kí ìlú máa fún olùdìbò kọ̀ọ̀kan ní fáúṣà mẹ́rin, ìyẹn ìwé tó dúró fún owó, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 25 dọ́là, kí ẹni náà fi ta olùdíje tó bá wù ú lọ́rẹ. 2017 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó. Àwọn tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè náà ṣùgbọ́n tí wọ́n ní ìwé ìgbélùú lè béèrè tiwọn pẹ̀lú. Owó orí ilé ni wọ́n fi ń san án, ìdí nìyí tí àwọn onílé méjì fi lọ sílé ẹjọ́, tí wọ́n ní wọ́n ń fi owó àwọn gbé èrò tí àwọn kò fara mọ́ lárugẹ. Ní 2019, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ìpínlẹ̀ Washington fohùn ṣọ̀kan pé ètò náà bófin mu. Bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan, èyí ni màá yàn, nítorí pé New York ṣì ń béèrè kí ènìyàn ní dọ́là mẹ́wàá tó lè fi sílẹ̀, àwọn kan sì wà tí wọn kò ní in. Ó ní àbùkù tirẹ̀ o: ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í lo fáúṣà tiwọn rárá, àwọn tí kì í sì í jáde dìbò ni ó máa ń wà nílé wọn láìlò.

Owó nìkan kò sì lè mú ìdọ́gba wá bí a kò bá wo ẹni tí owó náà ń dé ọwọ́ rẹ̀, Brazil ló jẹ́ kí èyí yé mi. Ní oṣù Kẹsàn-án 2015, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ibẹ̀ sọ pé ilé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dáwó fún ìpolongo mọ́, ìjọba sì dá àpò owó ìpolongo sílẹ̀ ní 2017 láti dípò rẹ̀. Ta ni yóò pín owó náà? Àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú ni, àwọn tí wọ́n sì mọ̀ ni wọ́n ń fún. Nítorí náà, ní 2018, ilé ẹjọ́ ní ó kéré tán, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn olùdíje obìnrin. Ní 2020, wọ́n tún ní kí owó tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn olùdíje aláwọ̀ dúdú bá iye wọn mu. Kí ni àwọn ẹgbẹ́ kan ṣe? Wọ́n kọ orúkọ àwọn obìnrin sílẹ̀ tí kò polongo, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tí owó ńlá sì gba orúkọ wọn kọjá lọ sí ibòmíràn. Ọsàn ni àwọn ará Brazil ń pe irú olùdíje bẹ́ẹ̀. Mo ń sọ èyí fún àwọn tó bá rò pé bí a bá ti kọ ìdọ́gba sínú òfin, iṣẹ́ ti parí.

Àwọn ìdènà kéékèèké tí kò sẹ́ni tó ń kà wọ́n sí pọ̀ ju àwọn ńlá lọ. Ní 2018, Liuba Grechen Shirley, tó ń díje fún Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà láti New York, béèrè lọ́wọ́ àjọ tó ń mójú tó owó ìpolongo bóyá òun lè fi owó ìpolongo san owó ẹni tó ń bá òun tọ́jú ọmọ nígbà tí òun bá wà lẹ́nu ìpolongo. Àjọ náà gbà. Ẹ rò ó wò: òfin ti gba kí olùdíje fi irú owó bẹ́ẹ̀ gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì, kó fi se àsè fún àwọn olùdáwó, ṣùgbọ́n ọdún 2018 ni obìnrin kan tó gba àṣẹ láti fi san owó olùtọ́jú ọmọ. Kò sí ìkórìíra kankan nínú òfin tó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ṣe é kò ní ọmọ tí wọ́n ń gbé dání lọ sí ìpàdé, nítorí náà kò wá sí wọn lọ́kàn.

Ẹni tó bá jókòó sí ipò náà sì ṣe pàtàkì fún ohun tí a ń fojú rí. Láti 1993 ni òfin ìpìlẹ̀ Íńdíà ti ya ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta àga ìgbìmọ̀ abúlé sọ́tọ̀ fún obìnrin. Raghabendra Chattopadhyay àti Esther Duflo tẹ ìwádìí kan jáde ní 2004 lórí àwọn abúlé ní West Bengal àti Rajasthan, wọ́n sì rí i pé ibi tí obìnrin ti jẹ́ olórí ìgbìmọ̀, owó púpọ̀ sí i ń lọ sórí omi mímu. Àwọn obìnrin ló ń pọn omi. Kò sí àlàyé mìíràn tí mo lè ṣe ju ìyẹn lọ.

Àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ gbogbo èyí máa ń rán mi létí pé ìka kò dọ́gba. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìdìbò, ìwé ìbò kì í béèrè gígùn ìka lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ohun tí mo sì ń fẹ́ ni pé kí ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn náà rí bẹ́ẹ̀. N kò lérò láti gba owó lọ́wọ́ olówó fún tálákà. Kí olówó jẹ owó rẹ̀ bó ti wù ú, kó sì wá bá mi sọ̀rọ̀ ní wákàtí kan náà tí aládùúgbò rẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀.

Àtakò kan wà tí mo kà sí jù ìyẹn lọ, òun ni pé àwọn ènìyàn lè fi ètò yìí lu ìlú ní jìbìtì. Ọlọ́rọ̀ kan lè pín owó rẹ̀ sí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kí ìlú sì máa fi mẹ́jọ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2013, àjọ tó ń rí sí owó ìpolongo ní New York kọ̀ láti fún John Liu, tó ń du ipò Méyọ̀, ní owó ìlú lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti dá akápò ìpolongo rẹ̀ lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ àwọn olùdáwó ayédèrú. Wọn kò fi ẹ̀sùn kan Liu fúnra rẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ètò tí kò bá ní àwọn olùṣàyẹ̀wò tó ń ka fọ́ọ̀mù lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì lágbára láti sọ pé rárá fún ẹni tó lókìkí, kò tíì ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀. Owó àwọn olùṣàyẹ̀wò wọ̀nyí yóò wà nínú àbá tí màá gbé wá.

Òfin náà kò tíì sí níbi tí mo ti ń díje, nítorí náà èmi ni màá ṣòfin fún ara mi ná. Iye kan náà ni òpin fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, èmi fúnra mi náà wà nínú rẹ̀. N kò ní gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ní iṣẹ́, ilẹ̀ tàbí ìwé àṣẹ tó ń dúró de ìpinnu ìgbìmọ̀. Àbúrò ìyàwó mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ìkọ́lé. Ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kan òun, inú rẹ̀ kò sì dùn sí mi. Wákàtí tí mo bá fi tọrọ owó lórí fóònù kò ní ju wákàtí tí mo bá fi jókòó pẹ̀lú àwọn tí n kò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wọn, àwọn tó ń ràn mí lọ́wọ́ ni yóò sì máa ka aago. A ó máa gbé ìwé owó wa síta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èyí tó wọlé àti èyí tó jáde.

Orí èyí tó kẹ́yìn yìí ni èmi àti akápò mi kò tíì fohùn ṣọ̀kan. Ó ní gbogbo orúkọ ló gbọ́dọ̀ jáde, láti orí ẹni tó fi owó púpọ̀ sílẹ̀ dé orí ẹni tó fi owó táṣẹ́rẹ́ sílẹ̀, nítorí pé ibi tí a bá ti bo orúkọ kan ni jìbìtì ń gbà wọlé. Èmi ń ro ti òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ wà lẹ́yìn ẹni tí mo ń bá díje, àti ayálégbé tí onílé rẹ̀ ń fẹ́ kí ìgbìmọ̀ yí òfin ilẹ̀ padà. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà kì í sọ pé kí olùdíje to orúkọ ẹni tí owó tó dá kò bá ju 200 dọ́là lọ; ní 1982, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wọn tún gba ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré kan láyè láti má dárúkọ àwọn tó dáwó fún un, nítorí pé wọ́n ti ń fìyà jẹ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà. Mo ti dábàá pé kí a kọ gbogbo orúkọ sínú ìwé tí olùṣàyẹ̀wò lè rí, kí a sì gbé orúkọ àwọn tí owó wọn pọ̀ nìkan síta. Akápò mi ní ọ̀nà àbùjá ni. A ó gbé e síwájú àwọn tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ní ìpàdé tó kàn, ohun tí wọ́n bá sì fọwọ́ sí ni a ó kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé owó wa kí a tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.